Ilé-ìwé ọmọ mi fẹ́ sún eré ìdárayá sí ẹ̀yìn agogo méjì ọ̀sán: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aránṣọ ni mí, apá Sàbó níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé ló sì ń mówó wọlé fún mi jù. Mo ní ọmọ méjì ní ilé-ìwé aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Obìnrin wà ní praimárì karùn-ún, ọkùnrin wà ní JSS 2.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi lẹ́tà rán àwọn ọmọ wálé. Wọ́n ní láti táàmù tó ń bọ̀, píríọ́dù PHE, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera, tí wọ́n fi máa ń jáde síta ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ò ní sí mọ́. Ìṣirò ló máa gba ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì á gba èkejì. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣeré kó dúró lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán, kóòṣì kan á máa wá láti ìta, òbí á sì máa san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n fa ìlà sí abẹ́ "kò pọn dandan".

Bàbá wọn ní ìyẹn dáa. Ó ní ta ló ń san owó ilé-ìwé kí ọmọ lè máa sáré kiri nínú iyẹ̀pẹ̀? Inú mi ò gbà á, àmọ́ mi ò rí èsì gidi fún un.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé. Tí táàmù bá ti dé ìdajì, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í kó yúnífọ́ọ̀mù wá fún àtúnṣe. Ti ọkùnrin, orúnkún ni wọ́n ń ní kí n lẹ̀, tàbí ìdí ṣòkòtò tó ya níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ti obìnrin kì í ya. Ìbàdí ni wọ́n ń ní kí n tú, kí n fi aṣọ kún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kí ọdún tó yí po, màmá ti tún gbé e padà wá. Mo mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń ga, etí aṣọ nísàlẹ̀ là ń tú fún un, kì í ṣe ìbàdí nìkan.

Tèmi náà, tó bá ti ilé-ìwé dé, ṣọ́ọ̀bù ló ń bọ̀ tààrà. Á bá mi de bọ́tìnnì, á ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì, ó tún di orí fóònù. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó san owó kankan fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni ìpàdé òbí àti olùkọ́. Mo fẹ́ dìde sọ̀rọ̀. Ṣé ó yẹ kí eré ìdárayá jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ nígbà tí ilé-ìwé ń lọ lọ́wọ́, àbí kí òbí tó bá fẹ́ máa sanwó rẹ̀ nírọ̀lẹ́? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Bàbá Kafẹ́, Under-G

Ìyá Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yìn bàbá wọn ni mo wà.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Under-G níbí, èmi ni mò ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Tí èsì bá jáde, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ìṣojú mi sì ni bàbá ti máa ń gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ. Nínú 400, ọmọ gba 150 àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ lọ kà ní LAUTECH. Kò tíì sí bàbá kan tó bi mí pé, "Ṣé ọmọ yìí mọ eré sá?" Ìṣirò tó yẹ kó ti mọ̀ láti praimárì ni kò mọ̀. Ilé-ìwé tó bá fi píríọ́dù kún ìṣirò, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àti pé irú ìdárayá wo lẹ tún fẹ́ kọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Ọmọ tó jí tó pọnmi, tó gbálẹ̀ ìta, tó fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé, tó tún gbé ọjà kiri nígbà tó dé, kí ló kù tí tísà fẹ́ fi kún un? Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó sinmi, kó kàwé.

Pápá náà dà? Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni nílùú yìí, ilé gbígbé ni wọ́n sọ di kíláàsì. Mọ́tò ọ̀gá-àgbà àti tánkì omi ti gba ìdajì àgbàlá. Tẹ́ ẹ bá sọ pé dandan ni, ẹ̀yin gan-an lẹ máa san dandan yẹn: owó aṣọ ìdárayá, owó kánfáàsì, owó bọ́ọ̀lù. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ojú pátákó ni wọ́n tún máa kọ ọ́ sí kí àwọn ọmọ dà á kọ. Mo ti rí i.

Àbí iṣẹ́ aṣọ ìdárayá lẹ fẹ́ gbà ni, màmá? Àwàdà ni o.

Tísà Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo ilé. PHE ni mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, ní ilé-ìwé ìjọba, ní Ọ̀yọ́ Aláàfin níbí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún Bàbá Kafẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ pátákó tó sọ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ọmọ JSS 3 wà tó lè sọ fún ẹ láìṣì í pé ènìyàn méje ló ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ fún ẹgbẹ́ kan, pé mẹ́fà ni ti fọ́líbọ́ọ̀lù, márùn-ún ni ti básíkẹ́tì. Á fi rúlà ya ojú ọ̀nà eré sísá oní 400 mítà sínú ìwé rẹ̀, ìlà mẹ́jọ, á sì kùn ún ní àwọ̀. Ju bọ́ọ̀lù sí i, ó fọwọ́ bojú. Kò sẹ́ni tó ju bọ́ọ̀lù sí i rí. Máàkì A ló sì máa ń gbà nínú PHE.

Ìdí ìyẹn ò jìnnà. Ní 2014, wọ́n pa PHE pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ wá di Basic Science and Technology. Lórí ìwé, kò burú. Nílé-ìwé, tísà sáyẹ́ǹsì ni wọ́n gbé e fún, ẹni yẹn ò sì ní tìtorí rẹ̀ jáde sínú oòrùn. Nóòtì ló máa kọ. Ìwé ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2025 ti dá PHE padà sí àyè ara rẹ̀, láti praimárì dé JSS. Nítorí náà, Ìyá Aránṣọ, tẹ́ ẹ bá dìde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀bẹ̀ kọ́ lẹ fẹ́ bẹ̀. Ohun tó wà nínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti sanwó fún ni ilé-ìwé yẹn fẹ́ yọ, kí wọ́n tún wá tà á padà fún yín nírọ̀lẹ́.

Gbólóhùn "ẹni tó bá fẹ́ kó dúró" yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ta ló máa dúró? Ọmọkùnrin á dúró. Ọmọ tí owó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ á dúró. Ọmọbìnrin ńkọ́? Agogo méjì ni ìyá ti ń retí rẹ̀ pé kó wá jókòó ti ọjà, kó gbé ata lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, kó gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n. Ọmọ tó sanra tó ń tijú ò ní dúró. Ọmọ tí wọn kì í mú sẹ́gbẹ́ tí wọ́n bá ń pín ara wọn fún bọ́ọ̀lù ò ní dúró. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù ló máa kọ́kọ́ gbé àpò lọ sílé, àwọn tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò tẹ́lẹ̀ ni kóòṣì máa gbowó lé lórí. Ìgbà tí ilé-ìwé ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni gbogbo wọn wà lójú kan náà, olówó àti aláìní, akọ àti abo.

Ọ̀rọ̀ orúnkún àti ìbàdí tẹ́ ẹ sọ yẹn, màmá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní iye kan fún un. Nínú ìṣirò tí wọ́n ṣe fún ọdún 2016 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 11 sí 17 káàkiri àgbáyé, 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìdárayá wọn ò tó. Nínú ọkùnrin, 78. Nínú obìnrin, 85. Ohun tí wọ́n ní ó tó ni wákàtí kan lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 5 sí 17, èyí tó ń jẹ́ kí àyà lù kì kì, kó sì tó ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí iṣan àti egungun máa ṣiṣẹ́ gidi: fífò, gígùn, fífa nǹkan.

Bàbá Kafẹ́ ní ọmọ ń pọnmi. Ọmọ tó ń pọnmi wà, mi ò jiyàn, rírìn rẹ̀ sì wà nínú wákàtí yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé aládàáni tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbé lọ, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbé bọ̀, tí ẹ̀rọ ń fa omi sí tánkì nílé wọn, kí ló rù? Àpò ìwé. Ẹni tó ń kiri ọjà pàápàá, igbá orí ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń hán bọ́ọ̀lù, bí wọ́n ṣe ń fò, bí wọ́n ṣe ń ṣubú láìdá lápá. Kì í sì í rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ. Nílé-ìwé wa, ọmọ pẹ́ dé: fọ́rọ́ọ̀gì-jọ́ǹpù. Ọmọ pariwo: sáré yí pápá ká. Kò ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì: ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ ìka kan mọ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n ní kó máa ṣa abẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọ pé ìyà ni fífò àti sísáré, lẹ́yìn náà ẹ fun fèrè sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ní kí inú rẹ̀ máa dùn! Ilé-ìwé tó bá fẹ́ sọ ìdárayá di dandan, kó kọ́kọ́ wá nǹkan mìíràn fi jẹ ọmọ níyà. Ọmọ á kórìíra rẹ̀ títí dé ọjọ́ ogbó, mo ti rí i lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn.

Ti pápá, ẹ má jẹ́ kó dí yín lọ́wọ́. Ní Stirling, lórílẹ̀-èdè Scotland, ọ̀gá ilé-ìwé praimárì kan bẹ̀rẹ̀ ohun kan ní 2012 tí wọ́n ń pè ní Daily Mile. Tísà kíláàsì á kó àwọn ọmọ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, wọ́n á máa yí ọgbà ilé-ìwé ká. Ẹni tó bá lè sáré á sáré, ẹni tó bá rẹ̀ á rìn. Yúnífọ́ọ̀mù tó wà lọ́rùn wọn, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sí ìdíje, kò sí máàkì, kò sí kóòṣì tó ń gbowó. Àwọn ará Japan náà ti ń fi rédíò darí ìdárayá tiwọn láti 1928, lójú kan tí oníkálukú dúró sí ni. Àgbàlá tó ní tánkì gba ìyẹn.

Ẹ tún wo súwé àti tẹ́n-tẹ́n. Iṣẹ́ egungun gan-an ni, fífò ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ọmọbìnrin ló sì ni ín. Ṣọ́ọ̀kì lẹ máa fi ya súwé sórí kọnkéré, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀gá-àgbà gbé mọ́tò síta.

Àárọ̀ ni kí wọ́n ṣe é, kó tó di agogo mẹ́wàá. Láti Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹrin, oòrùn ọ̀sán Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ran ọmọ sí. Nínú gbogbo àkókò tó wà nínú ọjọ́, agogo méjì ni ilé-ìwé yín wá rí mú!

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá Tísà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo fara mọ́ ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ "dandan" máa ń ba àwa òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́rù tí wọn ò bá sọ àwọn ọmọ tí kò yẹ kó kàn bákan náà.

Nílẹ̀ Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó lè bí ọmọ SS tí ẹnì kejì rẹ̀ náà bá jẹ́ AS. Ilé-ìwé tó bá tóbi díẹ̀, ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè ṣeré, ó dáa fún un pàápàá, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ìgbà tó tó, kì í ṣe fèrè. Kó mu omi kó tó jáde, kó mu sí i láàrin, kó tún mu lẹ́yìn rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, kó wọ súwẹ́tà. Tó bá ní egungun ń dun òun tàbí àyà ń dun òun, tísà tó bá pè é ní ọ̀lẹ ti fẹ́ fa wàhálà. Ẹ pe òbí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fipá mú sáré lọ́sàn-án, àwa la máa ń gbà wọ́n wọlé lálẹ́, ìyá á máa sunkún, ọmọ á máa ké.

Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí ínhélà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa. Àwọn míì wà tí dókítà ń ní kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré. Tí eruku ọyẹ́ bá bo ìlú mọ́lẹ̀ débi tí ẹ ò rí òdìkejì títì, ẹ ṣe tiyín nínú kíláàsì lọ́jọ́ náà. Kí tísà sì béèrè ẹni tí kò tíì jẹun.

Gbogbo èyí ń fẹ́ ẹni tó mọ ọmọ. Tísà kíláàsì mọ ẹni tó jẹ́ SS, ó mọ ẹni tí kò jẹun wá. Kóòṣì tó wá láti ìta lẹ́yìn agogo méjì, tí nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti lọ sílé, tí ọ́fíìsì ti tì, kí lòun mọ̀? Ìdí tèmi nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ti ìrọ̀lẹ́. Màmá, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: tí ọmọ bá ṣubú lulẹ̀ ní agogo mẹ́ta, ta ni wọ́n máa pè?

Bàbá Kafẹ́, Under-G

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn, mi ò ní èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ìṣirò. Táìmù-tébù kì í fẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fún PHE, ibì kan lẹ ti máa yọ ọ́. Tobi Amusan kan ṣoṣo la ní, àwọn tó ń wá ilé-ìwé gíga ò lóǹkà.

Àńtí PHE, Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n Kafẹ́, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìṣirò, torí gbogbo ìpàdé òbí ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lù mí. Ní 2010, CDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera ará ìlú, kó ìwádìí 50 jọ lórí ìdárayá nílé-ìwé àti bí ọmọ ṣe ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì àbájáde náà tó fi hàn pé ìdárayá ń bá ẹ̀kọ́ dáadáa rìn. Ìyókù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, kò fi ire hàn, kò fi ibi hàn. Ibi tó ti jọ pé ó pa ìwé lára ò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbọ́ mi yé o: wọn ò sọ pé ọmọ tó ń sáré á kúrò ní 150 bọ́ sí 300. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àkókò tí wọ́n fi jáde síta ò gba máàkì kankan lọ́wọ́ wọn. Ní England, dandan ni PE láti ọmọ ọdún 5 títí dé 16. Wọ́n ń mọ ìṣirò níbẹ̀.

Ti Amusan, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ní July 2022 tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré 100 mítà onífífo-igi ní Oregon, tó gba ipò kìn-ín-ní àgbáyé, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi ń to àpò ìwé kalẹ̀ ní fàráńdà, wọ́n ń fò ó. Àwọn tí mo ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí pé kí wọ́n dìde lórí bẹ́ǹṣì! Bóyá kò sí ìkankan nínú wọn tó máa gba góòlù láéláé. Kò kàn mí. Wọ́n bọ́ síta láìjẹ́ pé mo lé wọn.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an fún Ìyá Aránṣọ ni ọ̀rọ̀ níkà. Àwọn ọmọbìnrin ò kórìíra eré. Níkà ni wọ́n ń sá fún. Ilé-ìwé á ní níkà funfun àti síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmú, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹ wá ní kó wọ funfun kúkúrú jáde síwájú àwọn ọkùnrin tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dájú pé inú á máa run ún ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwa tí à ń lo hìjáábù ńkọ́? Èmi ń lò ó, òun ni mo fi ń kọ́ni, òun ni mo fi ń fò. FIFA pàápàá ti fàyè gbà á láti 2014. Nílé-ìwé tí mo wà báyìí, a bẹ ọ̀gá-àgbà, ó gbà kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn aláwọ̀ dúdú tó fẹ̀, tó ní rọ́bà ní ìbàdí, sábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù wọn gangan. Inú rírun dínkù. Mi ò ní kí ẹ gbà mí gbọ́, ẹ dán an wò.

Mo tún fẹ́ kí wọ́n máa ya ọmọbìnrin sọ́tọ̀ nígbà míì, kí wọ́n ní apá àgbàlá tiwọn. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ tí ẹ ju bọ́ọ̀lù kan sí wọn láàrin, ìṣẹ́jú márùn-ún ni bọ́ọ̀lù yẹn máa fi jẹ́ ti gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọbìnrin á ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń di irun.

Tísà Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Àńtí PHE, ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ níkà yẹn síta. Ẹ ṣeun.

Bàbá Kafẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ti máa yọ ọ́. Àsẹ́ḿbílì. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, ìyẹn dáa. Lẹ́yìn náà ni ìkéde á bẹ̀rẹ̀: ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé-ìwé, ẹni tí kò gé irun, ẹni tó já òdòdó, òfin tuntun nípa ìbọ̀sẹ̀. Gbogbo ọmọ á dúró gbagidi sínú oòrùn, tísà á máa fi pankẹ́rẹ́ to ìlà. Ẹ lẹ ìkéde mọ́ ojú pátákó. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn rìn, kí wọ́n sáré, kí wọ́n fò, kí wọ́n tó wọ kíláàsì, lójoojúmọ́, láti nọ́sírì dé JSS 3. Kò gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ ìṣirò.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí píríọ́dù PHE kan dúró lọ́sẹ̀ fún ẹ̀kọ́ gidi, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà: bí a ṣe ń ju nǹkan, bí a ṣe ń gbá a mú, bí a ṣe ń ké sí ara wa láìbú ara wa. Wọ́n lè gba èkejì fún ìṣirò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bínú sí mi nítorí ohun tí mo sọ yìí, ṣùgbọ́n mo yan ìdárayá ojoojúmọ́ tó dájú ju píríọ́dù méjì tí tísà ń fi kọ nóòtì.

Bàbá Kafẹ́, Under-G

Mi ò tíì gbà tán o. Ṣùgbọ́n ti àsẹ́ḿbílì yẹn, ẹ ti bá mi wí. Wọ́n pe orúkọ ọmọ tèmi náà síta nítorí owó níbẹ̀.

Ìyá Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Olúwa á bá mi tọ́jú ilé yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn lálẹ́ àná. Ìwádìí CDC ò mì í. Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè nọ́ọ̀sì, pé ta ni wọ́n máa pè ní agogo mẹ́ta, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún un kà fúnra rẹ̀. Ó ní òun á tẹ̀ lé mi lọ.

Mi ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ Scotland. Owó lọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ nílé-ìwé yẹn, òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀: PHE wà nínú iṣẹ́ tí a san owó táàmù fún, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ kó dá iye tó kàn án padà. Lẹ́yìn náà ni màá bọ́ sórí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́rọ́ọ̀gì-jọ́ǹpù ni màá fi sẹ́yìn, torí tísà tó fẹ́ràn ẹ̀ jù ni akọ̀wé ìpàdé.

Bàbá Kafẹ́, ẹ fara balẹ̀, mi ò bá iṣẹ́ wá. Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí aṣọ ìdárayá tuntun. Ṣòkòtò dúdú èyíkéyìí tó bá wà nílé tó. Ọmọ tí kò bá ní, kí ìyá rẹ̀ mú ìró àtijọ́ kan wá bá mi, èmi á bá a gé e, rọ́bà nìkan ló máa rà. Ti ọmọ mi, mo ti gé e láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n fi àpò sí i.

Ìpàdé náà, agogo mẹ́wàá ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọmọ níbẹ̀ ti mọ ara yín. Ẹ tètè dé, torí owó ilé-ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, kó tó kan "àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn", ìdajì àwọn bàbá ti wà lórí ọ̀kadà. Mo ti ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi sí ipò kejì lórí ìwé ìpàdé. Wọ́n ní àwọn á wò ó.